Bí A Ṣe Lè Ṣe Ẹ̀dà Àwòrán Bíbélì Vincent van Gogh Láìjẹ́ Kí Ọ̀fọ̀ Inú Rẹ̀ Sá Lọ

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà ló ti gbìyànjú láti ṣe ẹ̀dà àwòrán Bíbélì tí Vincent van Gogh, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, kùn ní ìlú Nuenen ní oṣù kẹwàá ọdún 1885, nǹkan bí oṣù méje lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀, Theodorus, tó jẹ́ àlùfáà ìjọ ibẹ̀, kú. Ohun tó sì sábà máa ń jáde lọ́wọ́ wọn ni Bíbélì kan tó mọ́ tónítóní, bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Bíbélì wà níbẹ̀, àbẹ́là wà níbẹ̀, ìwé kékeré wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ti sá lọ. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé nǹkan kan kù, wọ́n á kán omijé sí etí ìwé, tàbí kí wọ́n tan iná sí àbẹ́là.

Ibi tí àṣìṣe náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé a ń wá ẹkún nínú àwòrán tí kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Ohun tí van Gogh fúnra rẹ̀ kọ sí Theo, àbúrò rẹ̀, nígbà tó fi àwòrán yìí ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni: Bíbélì tó ṣí sílẹ̀ tí funfun rẹ̀ kì í ṣe funfun gidi, tí wọ́n fi awọ dì, dúdú ní ẹ̀yìn rẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ ní iwájú rẹ̀, àti ìyeyè díẹ̀ bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́ tó pọ́n. Èmi gbà pé ẹni tó bá tọ́jú àwọ̀ wọ̀nyí bó ti yẹ kò ní wá ọ̀fọ̀ náà kiri. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni ìtọ́sọ́nà yìí yóò máa sọ láti òkè dé ilẹ̀, fún ẹni tó ti fi ọ̀dà olóròóró kun nǹkan bíi ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì rí.

Àwọn ohun tí ẹ nílò

Ẹ kọ́kọ́ wá fọ́tò àwòrán náà tó ṣe kedere. Van Gogh Museum ní Amsterdam, níbi tí àwòrán náà wà, ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì lè fẹ̀ ẹ́ títí a ó fi rí ipa búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó dára, kí ẹ má ṣe fi ojú fóònù ṣiṣẹ́, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ fóònù máa ń yí padà fúnra rẹ̀, dúdú tí ẹ rí ní àárọ̀ kò sì ní jẹ́ dúdú tí ẹ máa rí ní ọ̀sán.

Àwòrán náà gan-an jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 65.7 ní gíga àti 78.5 ní fífẹ̀. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ṣe ìdajì rẹ̀, ìyẹn kánfáàsì tó jẹ́ 33 ní gíga àti 39 ní fífẹ̀, tí wọ́n ti fi ọ̀dà funfun ìpìlẹ̀ sí. Ní ti ọ̀dà, méje péré tó: titanium white (funfun), ivory black (dúdú), raw umber (àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn), burnt sienna (àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n), yellow ochre (ìyeyè bíi ti ilẹ̀), lemon yellow (ìyeyè tó mọ́lẹ̀) àti Prussian blue (búlúù tó ṣókùnkùn). Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹlẹ́dẹ̀ márùn-ún, kí méjì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì, kí méjì fẹ̀ tó ẹyọ kan, kí ọ̀kan sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ tún nílò òróró linseed díẹ̀, tọ́pẹ́ńtáìnì, ọ̀bẹ tí a fi ń po ọ̀dà, àkísà tó mọ́, àti agolo onírin kan tó ní ìdérí. Kí Bíbélì àtijọ́ kan àti àbẹ́là kan wà nítòsí yín pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Ìkìlọ̀: ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi kẹrosíìnì la ọ̀dà nítorí pé tọ́pẹ́ńtáìnì wọ́n. Kẹrosíìnì dára láti fi fọ búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí ó bá wọ inú ọ̀dà, ó máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ọ̀dà kò sì ní gbẹ bó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kí fèrèsé máa wà ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń lo tọ́pẹ́ńtáìnì.

1. Ẹ wo àwòrán náà fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ jókòó síwájú fọ́tò náà pẹ̀lú bébà àti bírò, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹ rò. Bíbélì ńlá kan ṣí sílẹ̀, ó sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán náà. Ní ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn rẹ̀, àbẹ́là kan dúró lórí ọ̀pá rẹ̀, iná rẹ̀ sì ti kú. Ní iwájú, létí tábìlì, ìwé kékeré kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, tí igun rẹ̀ sì ti gbó nítorí kíkà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú Bíbélì náà, ohun tí a lè kà kò ju orúkọ ìwé Aísáyà ní èdè Faransé àti nọ́ḿbà orí 53 lọ. Ẹni tó bá ti ka orí náà nínú Bíbélì Yorùbá mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: ẹni tí a kẹ́gàn, ẹni ìkáàánú tí ó mọ ìbànújẹ́.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ti gbọ́ pé Bíbélì dúró fún bàbá, pé ìwé kékeré dúró fún ọmọ, àti pé àwọn méjèèjì kò gbọ́ ara wọn yé nígbà ayé bàbá. Òótọ́ ni pé wọn kò gbọ́ ara wọn yé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ìjà náà sọ́kàn kí ẹ tó mú búrọ́ọ̀ṣì, ìjà ni ẹ máa kùn: ẹ máa sọ Bíbélì di òkúta, ẹ máa sọ ìwé kékeré di iná. Ohun tí mo rí, nígbà tí mo wò ó pẹ́, ni ìwé méjì tó wà lórí tábìlì kan náà nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà. Wọ́n sin bàbá yìí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1885, ọjọ́ náà gan-an tí Vincent pé ọmọ ọdún 32, ó sì pẹ́ di oṣù kẹwàá kó tó gbé Bíbélì náà kalẹ̀ láti kùn ún. Ẹ fi sùúrù bẹ́ẹ̀ wò ó.

Àyẹ̀wò: ẹ da ojú fọ́tò délẹ̀, kí ẹ ya àwọn ohun mẹ́rin náà, Bíbélì, àbẹ́là, ìwé kékeré àti etí tábìlì, sórí bébà láti inú ọpọlọ yín. Bí ìwé kékeré bá tóbi ju ìdá kan nínú mẹ́rin Bíbélì lọ nínú ohun tí ẹ yà, ẹ padà lọ wò ó.

2. Ẹ pa kánfáàsì láró

Ẹ fi tọ́pẹ́ńtáìnì la raw umber títí yóò fi ṣàn bí omi, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbòòrò kun gbogbo kánfáàsì, kí ẹ sì fi àkísà nù ún títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bí tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Orí kánfáàsì funfun, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ bí ojú-ewé kan ṣe funfun tó, nítorí pé gbogbo àwọ̀ ló máa dà bí ẹni pé ó dúdú. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ìka kàn án. Bí ìka bá mọ́, ẹ lè tẹ̀síwájú.

3. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìlà

Ẹ na òwú kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ kánfáàsì ní àárín, kí ẹ na òmíràn láti ọ̀tún dé òsì, kí ẹ ṣe bákan náà sí fọ́tò, kí ẹ sì máa gbé ohun tó wà nínú ìdá kọ̀ọ̀kan sínú ìdá rẹ̀. Raw umber tí a là ni kí ẹ fi fa ìlà, kì í ṣe pẹ́ńsù, nítorí pé pẹ́ńsù máa ń jẹ́ kí a fẹ́ ya gbogbo lẹ́tà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n máa ń ya Bíbélì náà gbọọrọ bí ìwé ọmọléèwé tí a ṣí síwájú tíṣà. Bíbélì yìí wúwo. Ojú-ewé rẹ̀ wú ní àárín, wọ́n sì rọ̀ sísàlẹ̀ sí ọ̀nà etí. Ẹ ya bí ó ṣe nípọn, pàápàá ní ìsàlẹ̀, níbi tí a ti ń rí ẹgbẹ̀rún etí ewé tó dì papọ̀ lórí ara wọn. Bí kò bá nípọn, kò ní sí ìwúwo, ìwúwo yìí sì ni gbogbo àwòrán náà gbára lé.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ ẹ̀yìn sí kánfáàsì, kí ẹ fi dígí wò ó. Ohunkóhun tó bá wọ́ ni dígí máa fi hàn lójú kan náà.

Kí ẹ tó wọ ìpele kẹrin

Láti ìpele kẹrin dé ìkẹjọ, ọjọ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ṣe é. Ọjọ́ kan ni van Gogh fi kun àwòrán yìí. Ní oṣù yẹn kan náà ló lọ sí Rijksmuseum, ilé ìtọ́jú iṣẹ́ ọnà ní Amsterdam, tó dúró pẹ́ níwájú iṣẹ́ Rembrandt àti Frans Hals, àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Nẹ́dálándì àtijọ́, ohun tó sì wù ú jù lára àwọn baba wọ̀nyẹn ni pé wọ́n máa ń fọwọ́ kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń fi ọjọ́ mẹ́wàá tún un ṣe, ọ̀dà yóò dọ̀tí, ọwọ́ yín yóò sì máa bẹ̀rù. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, kí ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn kì í wọ̀ tààrà.

4. Dúdú ẹ̀yìn

Ẹ má ṣe fi ivory black nìkan kun ẹ̀yìn. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, ó sì máa ń dà bí pátákó ìkọ̀wé kíláàsì. Ẹ po ìdá méjì ivory black mọ́ ìdá kan raw umber, kí ẹ fi Prussian blue tí kò ju orí ìṣáná lọ sí i. Raw umber máa ń jẹ́ kó yára gbẹ, ó sì ń mú dúdú náà móoru. Ẹ jẹ́ kí ó fẹ́lẹ́, kí ẹ sì máa yí ọwọ́ yín padà, kí ipa búrọ́ọ̀ṣì má ṣe dojú kọ ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn jù ní àyíká àbẹ́là.

Àyẹ̀wò: ẹ dín ojú yín kù díẹ̀, kí ẹ wò ó. Ó gbọ́dọ̀ dà bí yàrá tí ẹ kò rí òpin rẹ̀. Bí ó bá dà bí ògiri, ẹ fi raw umber fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá ní ibi mélòó kan.

5. Ojú-ewé Bíbélì

Ibí ni iṣẹ́ náà wà. Bí ẹ bá ní wákàtí mẹ́jọ, ẹ fi mẹ́rin sí ibí.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ẹ̀dà yìí, mo tẹ titanium white jáde, mo sì fi kun ojú-ewé méjèèjì. Mo wò ó, mi ò mọ ohun tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ni mo rántí Bíbélì bàbá mi, tí ó wà nínú àpótí láti ìgbà tí a ti sin ín. Mo mú un jáde, mo ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò sí ojú-ewé kan tó funfun nínú rẹ̀. Ní kòtò àárín, níbi tí a ti rán an, àwọ̀ eérú ni. Ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bà á, ó dà bí ògì tó ti fìdí kalẹ̀. Ní ìwé Sáàmù, igun ìsàlẹ̀ ti pọ́n, ó sì ń dán díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń bà nígbà tó bá fẹ́ ṣí ewé. Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀ kí n tó padà sídìí kánfáàsì. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ wá Bíbélì àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín: fọ́tò yóò fi ibi tí Bíbélì van Gogh wà hàn yín, ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú yín ni yóò kọ́ ojú yín ní funfun.

Ẹ po àwọ̀ mẹ́rin sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èkíní ni titanium white pẹ̀lú yellow ochre díẹ̀ àti ivory black tí kò tó nǹkan: èyí ni àwọ̀ ògì náà, òun ló sì máa gba ibi tó pọ̀ jù. Èkejì ni èkíní pẹ̀lú raw umber, fún ibi tí ewé ti ń rọ̀. Ẹ̀kẹta ni èkíní pẹ̀lú ivory black àti Prussian blue díẹ̀, fún kòtò àárín àti òjìji. Ẹ̀kẹrin funfun díẹ̀ ju èkíní lọ, kò sì gbọdọ̀ ju ìwọ̀n èékánná kan lọ lórí pátákó yín, nítorí pé ibi tí ewé wú jù nìkan ni ẹ ti máa lò ó.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan kun ún, kí ẹ máa tẹ̀ lé bí ewé ṣe tẹ̀: láti kòtò, gòkè, kí ó tó rọ̀ sí etí. Kí ọ̀dà nípọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ó fẹ́lẹ́ níbi òjìji. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi àwọ̀ ẹ̀kẹta ṣe àwọn òpó ọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀dà ìsàlẹ̀ ṣì tutù, pẹ̀lú ipa kúkúrú kúkúrú tó ń tẹ̀ pẹ̀lú ewé. Kì í ṣe lẹ́tà ni ẹ ń kọ. Ẹni tó jókòó sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀ sí Bíbélì kì í rí lẹ́tà, àwọ̀ eérú tó tò lọ gbọọrọ ló ń rí.

Ìkìlọ̀ ńlá: ẹ má ṣe kọ ẹsẹ Bíbélì síbẹ̀. Mo ti rí ẹ̀dà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kọ Sáàmù 23 sí lára, ó sì di káàdì ìsìnkú. Ẹ fi àkọlé lókè àti nọ́ḿbà orí sílẹ̀ bí van Gogh ti fi wọ́n sílẹ̀, kí gbogbo ìyókù dákẹ́.

Àyẹ̀wò: ẹ mú bébà tuntun kan, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-ewé tí ẹ kùn. Ó gbọ́dọ̀ dà bí ẹni pé ojú-ewé yín ti dọ̀tí. Ẹ wá mú bébà náà kúrò, kí ẹ rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ojú-ewé yẹn kan náà gbọ́dọ̀ wá mọ́lẹ̀ níwájú dúdú ẹ̀yìn rẹ̀. Bí méjèèjì bá rí bẹ́ẹ̀, èyí tó le jù ti parí.

6. Awọ, idẹ àti tábìlì

Burnt sienna àti raw umber tó fún awọ ẹ̀yìn Bíbélì. Fún idẹ tí a fi ń so ó pa, yellow ochre pẹ̀lú umber ni, kí ẹ sì fi àmì funfun kan péré sí ibi tó ń dán. Yellow ochre, umber àti funfun díẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe tábìlì, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì gbòòrò. Ẹ má ṣe pẹ́ níbẹ̀.

7. Àbẹ́là

Ní èdè wa, iná máa ń kú bí ènìyàn ṣe ń kú, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pè é, nítorí náà ó yẹ kí ọwọ́ wa mọ ohun tó ń ṣe níbí. Síbẹ̀, ibí ni mo ti rí àṣìṣe tó pọ̀ jù. Ẹni tí kò bá tan iná sí i á fi èéfín sí i. Èéfín túmọ̀ sí pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ẹ pa ní ìṣẹ́jú tó kọjá, pé ooru ṣì wà. Àbẹ́là inú àwòrán yìí kò ní èéfín.

Ẹ tan àbẹ́là tiyín, kí ẹ jẹ́ kó jó díẹ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ sì dúró títí yóò fi tutù pátápátá kí ẹ tó wò ó. Òwú rẹ̀ á ti dúdú, á tẹ̀ díẹ̀. Ìda tó yí i ká á ti dì padà, kò sì ní mọ́lẹ̀ láti inú mọ́. Àwọ̀ èkejì tí ẹ pò ni kí ẹ fi ṣe ìda náà, kí ẹ má ṣe lo ẹ̀kẹrin rárá. Fún òwú, ivory black lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò.

Àyẹ̀wò: ẹ fi àtàǹpàkò bo àbẹ́là náà, kí ẹ sì ṣí i. Bí ojú yín bá sáré lọ síbẹ̀ kó tó lọ sí Bíbélì, ó ti mọ́lẹ̀ jù. Ojú gbọ́dọ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i.

8. Ìwé kékeré

Ìwé náà ni ìtàn tí Zola, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, kọ, tó jáde ní ọdún 1884. Orúkọ rẹ̀ ní Faransé túmọ̀ sí ayọ̀ ìgbé ayé, èyí ló sì ń mú kí àwọn ènìyàn kun ún bí òdòdó. Ṣùgbọ́n inú ìtàn náà kún fún àìsàn, ikú àti ọmọ òrukàn kan tó ń fi ohun ìní rẹ̀ tọ́jú àwọn ẹlòmíràn títí ó fi tán. Ìwé yìí mọ ìbànújẹ́ bí Aísáyà 53 ṣe mọ̀ ọ́n, ìdí rèé tí mi ò fi gbà pé ó wá fi Bíbélì náà ṣe ẹlẹ́yà.

Lemon yellow pẹ̀lú funfun díẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀, òun nìkan ló sì mú ojú nínú gbogbo àwòrán náà. Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe fi dúdú ṣe òjìji rẹ̀, nítorí pé ìyeyè àti dúdú máa ń di àwọ̀ ewé. Yellow ochre àti raw umber ni kí ẹ lò. Ẹ tẹ igun rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ fàya díẹ̀, nítorí pé ìwé tí ẹnì kan kà tán tó tún kà ni.

Àyẹ̀wò: ẹ dúró ní mítà mẹ́ta. Ìyeyè náà gbọ́dọ̀ pè yín, ṣùgbọ́n kí Bíbélì ṣì wúwo jù ú lọ.

9. Gbígbẹ àti ìpamọ́

Kí ẹ tó sùn, ẹ kó gbogbo àkísà tó ní òróró linseed sínú agolo onírin, kí ẹ bu omi lé e lórí, kí ẹ sì dé e. Àkísà bẹ́ẹ̀ tí a bá kó jọ máa ń móoru fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná láìsí ìṣáná. Ẹ má ṣe fojú kéré èyí.

Ẹ gbé kánfáàsì náà síbi tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ wà, kí oòrùn má ṣe bà á tààrà. Nínú òkùnkùn, òróró máa ń pọ́n, funfun tí ẹ ṣe wàhálà lé lórí á sì bàjẹ́. Ó kéré tán, ẹ dúró fún oṣù mẹ́fà kí ẹ tó fi fáníìṣì sí i. Sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀dà iṣẹ́ Vincent van Gogh ni, kí ẹ kọ orúkọ tiyín àti ọjọ́, kí ẹ má sì kọ orúkọ tirẹ̀ sí iwájú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún wò ó ní ìmọ́lẹ̀ àárọ̀. Bí ojú-ewé kan bá funfun jù, ẹ má ṣe máa fi ọ̀dà kán an níbì kan níbì kan. Ẹ fi ọ̀bẹ ha gbogbo ojú-ewé náà kúrò, kí ẹ ṣí Bíbélì àtijọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì tún un kùn láti kòtò dé etí ní ìjókòó kan.